Mò ń kó ẹbí lọ Science Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Bọ́lá, Adó
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Èkìtì, nílé lóko àti lẹ́yìn odi. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn yín. Físà ti jáde, a fẹ́ lọ kí àbúrò ọkọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ọlidé gígùn yìí, èmi, bàbá àwọn ọmọ, àwọn ọmọ mẹ́ta àti màmá mi. Àgbà nínú àwọn ọmọ jẹ́ ọdún 14, èkejì 9, àbíkẹ́yìn 4. Èyí tó wà láàárín yẹn ni kò jẹ́ kí n rímú mí, ó rí Science Museum, ilé àkójọ nǹkan sáyẹ́ǹsì, lórí YouTube, ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ọmọdé fi ọwọ́ ara ẹ̀ dán nǹkan wò, àtọjọ́ náà ni kò ti sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Rédíò bàbá rẹ̀ tó ti bàjẹ́ ló tú palẹ̀ lánàá, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí ohùn ń gbà jáde.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ní ibẹ̀ tóbi gan-an, orúnkún sì ń dun màmá mi. Ọmọ ọdún 4 yìí kì í dúró síbì kan. Èyí àgbà ní ibi àwọn ọmọdé ni, òun ò lọ. Àbúrò ọkọ mi wá ní ká kàn yà síbẹ̀ fún wákàtí kan lọ́jọ́ tá a bá ń lọ ọjà, pé kò sí nǹkan bàbàrà níbẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé wọ́n ń gbowó? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ rí ẹ bá mi sọ ọ́.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Ẹ kú oríire físà o mà. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò ní san kọ́bọ̀, ẹ kàn wọlé ni. South Kensington ni kẹ́ ẹ ti bọ́ sílẹ̀ nínú tíréènì, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó máa gbé yín jáde lẹ́bàá ibẹ̀. Wákàtí méjì ti tó yín.

Àdùkẹ́ Croydon
Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ o ṣeun, àmọ́ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un kí wọ́n má lọ débẹ̀ kí wọ́n máa wo ojú ara wọn. Wíwọlé ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ ó yan ọjọ́ àti aago tẹ́ ẹ fẹ́ wọlé. Lásìkò ọlidé ìlà máa ń gùn. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì.

Àǹtí, èyí tí ọmọ yín rí lórí YouTube yẹn, Wonderlab ni á jẹ́, ìyẹn ò sì sí lára ọ̀fẹ́. Àjà kẹta ló wà, ọdún 2016 ni wọ́n ṣí i, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà fún un, àtàgbà àtọmọdé. Nǹkan tí ọmọ lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe níbẹ̀ lé ní 50. Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan fún yín, àwọn síláìdì wà níbẹ̀ tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú wọn ò rí bákan náà, ọ̀kan ní nǹkan bíi koríko lójú, òmíràn dán bọ̀rọ́. Ọmọbìnrin mi ò lọ síbòmíràn mọ́ nígbà tó débẹ̀. Á gùn ún, á yọ̀ wálẹ̀, á tún lọ bọ́ sórí èkejì. Èmi ti fẹ́ bínú nítorí mo ti sanwó, mo sì fẹ́ kó rí gbogbo rẹ̀, ni ọmọ bá wá bá mi pé mọ́mì, kí ló dé tí èyí tó ní koríko yẹn fi ń di èèyàn mú? Mo ní kó padà lọ gùn ún, kó wá sọ fún mi.

Ibì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Chemistry Bar, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á máa po kẹ́míkà lójú yín, ọmọ á máa béèrè, wọ́n á máa dá a lóhùn. Wọ́n sì ń fi iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì dá mànàmáná sílẹ̀ nínú ilé. Màmá mi wà pẹ̀lú wa lọ́jọ́ náà, bó ṣe kọ yẹ̀rì báyìí, mo gbọ́ tí wọ́n ń kí Olúkòso wúyẹ́wúyẹ́, òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí ni wọ́n ń sọ, ọmọ mi ọkùnrin ló dúró ṣàlàyé Ṣàngó fún un látòkèdélẹ̀. Ẹ mú màmá yín débẹ̀ o.

Bàbá Ìlawẹ̀
Èmi ò ní gba èèyàn mẹ́fà nímọ̀ràn pé kí wọ́n san owó Wonderlab. Ẹ ṣírò ẹ̀ sí náírà kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn. Ọmọ ọdún 7 sí 14 ni wọ́n ṣe ibẹ̀ fún jù lọ, kí ni ọmọ ọdún 4 fẹ́ fi ṣe? Kí bàbá mú ọmọ ọdún 9 wọlé, kí àwọn yòókù máa wo èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ọ̀fẹ́ yẹn gan-an lé ní ohun tẹ́ ẹ lè rí tán lóòjọ́. Fún ti kékeré yẹn, ibì kan wà nísàlẹ̀ ilé náà tí wọ́n ń pè ní The Garden, ọmọ ọdún 3 sí 6 ni wọ́n dìídì ṣe é fún, omi wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣeré, wọ́n á máa darí ẹ̀, wọ́n á máa sé e, nǹkan tó ń léfòó wà lójú omi. Kò sówó níbẹ̀. Àsìkò-àsìkò ni wọ́n fi ń kó àwọn ọmọ wọlé, torí náà bẹ́ ẹ bá ṣe dé ni kẹ́ ẹ ti béèrè.

Àdùkẹ́ Croydon
Mo fara mọ́ The Garden, bàbá. Ẹ mú ṣòkòtò àti ìbọ̀sẹ̀ míì dání fún un, ọmọ wo ló máa fi omi ṣeré tí kò ní tutù.

Àmọ́ mi ò fara mọ́ pípín yẹn. Ọmọ ọdún 14 lẹ fẹ́ fi sílẹ̀ níta Wonderlab? Ó ní ibi ọmọdé ni torí pé kò tíì débẹ̀. Tó bá rí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ nínú ibẹ̀ kò ní fẹ́ jáde. Ẹni tó yẹ kó dúró síta ni kékeré àti màmá àgbà tí ariwo bá ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Ọmọ Aràmọkọ
Fún ọmọ ọdún 14 èmi ní àbá tó yàtọ̀. Ẹ má fi Wonderlab bẹ̀rẹ̀ fún un rárá. Ẹ mú un lọ síwájú ọkọ̀ òfuurufú Apollo 10, ojúlówó ni o, kì í ṣe àwòkọ. Oṣù karùn-ún ọdún 1969 ni àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta fi í lọ yí òṣùpá po, wọn ò balẹ̀ sórí òṣùpá, oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Apollo 11 tó balẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé wọ́n sáré dé nǹkan bíi 39,897 kìlómítà láàárín wákàtí kan, nígbà yẹn kò tíì sí ẹ̀dá tó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí. Kí ọmọ náà tẹ̀ kọ́ọ́rọ́ kó wo ara ọkọ̀ yẹn, ibi tí iná ti jó o nígbà tó ń wọ afẹ́fẹ́ ayé ṣì hàn gbangba. Kó wá wo bí àyè inú ẹ̀ ṣe kéré tó, èèyàn mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Tó bá wo ìyẹn tán tó tún ní ibi ọmọdé ni, ẹ sọ fún mi.

Tó bá jẹ́ ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò, gbọ̀ngàn ìṣirò wọn náà ò kẹ̀rẹ̀. Zaha Hadid, ayàwòrán ilé tó lókìkí, ló ya bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, wọ́n gbé ọkọ̀ òfuurufú kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1929 kọ́ sáàárín, gbogbo òrùlé tó wà lókè ẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ kọrọdọ bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń ṣàn yí ọkọ̀ náà ká tó bá ń fò. Ìṣirò ni wọ́n fi mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń lọ. Ọmọ mi tó máa ń ní kí lòun fẹ́ fi ìṣirò ṣe dúró síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìjerò
Tó bá fẹ́ ṣe dókítà ẹ má gbàgbé àwọn yàrá ìṣègùn wọn, Medicine: The Wellcome Galleries, ọdún 2019 ni wọ́n ṣí i, ọ̀fẹ́ ni. Ó gba àjà kìíní jìnnà. Irinṣẹ́ dókítà ayé àtijọ́ kún ibẹ̀ bámúbámú. Àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀rù lè fi ba ọmọ ọdún 4, ẹ má mú un dé bẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yẹ́, tísà ní Kent
Kò sẹ́ni tó tíì béèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, ìyẹn gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù. Oṣù kẹjọ gbogbo ọmọ ilé ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà nílé, gbogbo wọn ló sì ń lọ síbẹ̀, òjò tún lè rọ̀ kí àwọn tó wà ní páàkì kó ara wọn wá. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ti ibí máa ń wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, tiwa ní Èkìtì sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé. Ọjọ́ díẹ̀ tó wà láàárín yẹn ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ yan Tuesday tàbí Wednesday, ẹ má lọ wíkẹ́ńdì.

Àdùkẹ́ Croydon
Ìyẹn dára, àmọ́ tísà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ilé ìwé bá ti wọlé, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í tò síwájú ibẹ̀ láàárọ̀.

Ọmọ Ọ̀yẹ́, tísà ní Kent
Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìwọlé kọ́? Àwa tísà kì í tíì mọ orúkọ àwọn ọmọ tán nígbà yẹn ká tó wá kó wọn jáde. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹ bá wọn níbẹ̀, wọ́n á ti máa lọ lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán torí wọ́n ní láti padà dé ilé ìwé kí àwọn òbí tó wá mú ọmọ. Aago méjì sí mẹ́fà ibẹ̀ á tù yín lára.

Ìyá Bọ́lá, Adó
Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú wa, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án la máa padà, nítorí náà ó ṣeé ṣe ká rí ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ilé ìwé wọn bá wọlé. Màmá mi ńkọ́? Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ sọ yẹn, ṣé ó jìn?

Olóyè Ẹ̀fọ̀n
Ìyá Bọ́lá, ẹ má gba ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ yẹn pẹ̀lú màmá o. Ẹni tí orúnkún ò dùn ló dára fún, pàápàá tí òjò bá ń rọ̀. Ó gùn, àtẹ̀gùn sì pọ̀ ní stéṣọ̀n South Kensington fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà. Bọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ wọ̀, bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù máa ń rẹlẹ̀ fún àgbàlagbà láti gùn, àyè ìjókòó wọn sì wà níwájú. Tí ẹ bá sì ní agbára ẹ̀, ẹ jẹ́ kí tákísí já wọn sílẹ̀ ní Exhibition Road lẹ́nu géètì.

Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ yá wíìlìṣíà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní in, wọn kì í gbowó ẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyá wa lè ní àwọn ò yarọ. Màmá tèmi náà kọ̀, a ní ẹ ẹ́ kàn fi gbé báàgì ni, nígbà tí a dé àjà kejì wọ́n jókòó sínú ẹ̀, wọn ò dìde mọ́ títí a fi kúrò. Lífíìtì dé gbogbo àjà.

Tísà Ìkọ̀lé
Mo kí gbogbo yín. Físíìsì ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo ti fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ fàyè gba ọ̀rọ̀ mi tó bá gùn. Ẹ ti sọ̀rọ̀ owó, ẹ ti sọ̀rọ̀ ọkọ̀, gbogbo ẹ̀ dáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọmọ fúnra ẹ̀.

Láti kékeré la ti ń sọ fún ọmọ wa pé má fọwọ́ kàn án, o fẹ́ bà á jẹ́, ṣé tìẹ ni. Ọmọ tí a tọ́ bẹ́ẹ̀, tó bá dé irú ibẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn ló máa ká ọwọ́ sí, àwọn ọmọ òyìnbó á ti ṣe é tán lójú ẹ̀, òun á ṣì máa wo ojú yín bóyá kóun fọwọ́ kàn án. Mo ti rí i ní láàbù tiwa náà, ọmọ tó mọ̀wé jù ní kíláàsì ni kì í fẹ́ di ìgò mú. Nítorí náà láti Adó ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yín tó tú rédíò yẹn, ẹ má nà án o, ẹ wá irin tí wọ́n fi ń tú ìdè fún un, kẹ́ ẹ jọ jókòó tì í, kó fi hàn yín ibi tó bá a dé.

Ẹ gbé pákó kan, ẹ gbé orí ẹ̀ kan sórí àpótí kó dagun, kí ọmọ yín fi ọṣẹ, òkúta, aṣọ tí wọ́n ká àti ìdérí ike lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó fi wọ́n sílẹ̀ ẹ bi í pé èwo ló máa kọ́kọ́ yọ̀ dé ilẹ̀? Kó sọ tiẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ tiẹ̀, kí màmá àgbà náà sọ tiwọn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá gbé pákó náà ga sí i. Tó bá dé orí síláìdì tí Àdùkẹ́ sọ yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbéèrè tiẹ̀ ló máa gbé débẹ̀.

Ẹ sì mú wọn lọ Ìkógòsì kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ki ọwọ́ kan bọ omi gbígbóná kí wọ́n ki èkejì bọ tútù, níbi tí méjèèjì ti ń pàdé. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń dáná sábẹ́ ẹ̀? Kí wọ́n rò ó fún ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ tó sọ fún wọn pé bí ilẹ̀ ṣe ń jìn sí i ló ń gbóná sí i, pé omi òjò ló ń wọlẹ̀ lọ jìnnà, ó ń gbóná lọ́hùn-ún, ó wá ń gba ibi tí àpáta ti là jáde. Kò sí mùsíọ́mù tó lè kọ́ irú ẹ̀, wọn ò sì ní gbowó Wonderlab lọ́wọ́ yín.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má fà á lọ́wọ́. Tó bá fẹ́ lo wákàtí kan nídìí nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó lò ó. Ẹ má sì sáré ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri sí i létí kó tó ṣe é.

Bàbá Ìlawẹ̀
Tísà ẹ ṣeun fún ti Ìkógòsì, mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi. Àmọ́ tí a bá ní kí ọmọ máa ṣe bó ṣe wù ú, ṣé kò ní di eré lásán? Mo rí àwọn ọmọ níbẹ̀ tó ń sáré tẹ gbogbo bọ́tìnì, wọn ò dúró wo ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti dé ìkejì. Àgbà gbọ́dọ̀ dá sí i.

Tísà Ìkọ̀lé
Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, bàbá. Kí àgbà dá sí i pẹ̀lú ìbéèrè. "Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí lo rò pé ó máa ṣe?" Ọmọ tó ń sáré yẹn á dúró. Àlàyé gígùn ni mò ń sọ pé kẹ́ ẹ má ṣe.

Ọmọ Òtùn, California
Ọ̀rọ̀ Tísà wọ̀ mí lára. Lọ́dọ̀ wa ní San Francisco, Exploratorium ló wà, mùsíọ́mù tí èèyàn ti ń fọwọ́ ara ẹ̀ dán nǹkan wò ni òun náà, ọdún 1969 ni Frank Oppenheimer dá a sílẹ̀, àbúrò Robert Oppenheimer tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí bọ́ǹbù átọ́míìkì. Frank náà onífísíìsì ni, nígbà tí ìjọba ò jẹ́ kó ríṣẹ́ ní yunifásítì mọ́ nítorí òṣèlú, ó lọ sin màlúù ní Colorado, ó wá kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ní èrò náà ti dàgbà nínú ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Explainers, iṣẹ́ wọn ni láti dúró ti àlejò nídìí nǹkan kí wọ́n jọ wò ó.

Àwọn Explainers yìí máa ń la ẹyinjú màlúù lójú àwọn èèyàn. Ọmọ mi tí kì í fẹ́ wo ẹran ní ọjà wọ aarin èrò débi tí imú ẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan àwo. Wọ́n yọ nǹkan róbótó kan tó mọ́ gaara jáde látinú ẹyinjú náà, wọ́n gbé e lé orí ìwé ìròyìn, lẹ́tà abẹ́ ẹ̀ sì tóbi sí i. Ìgbà yẹn ni èmi gan-an tó mọ ohun tí dókítà ojú ń sọ fún bàbá mi nígbà tí wọ́n ní ohun tó wà nínú ojú wọn ti ṣú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ẹbí lápá ibí, Pier 15 ni wọ́n wà láti ọdún 2013, owó ni wọ́n ń gbà. Alẹ́ Thursday àgbàlagbà nìkan ló wà fún, ẹ má kó ọmọ lọ.

Ọmọ Ìdó
Àwọn tó ní ẹbí ní Toronto náà, ẹ má gbàgbé Ontario Science Centre, ibẹ̀ dùn gan-an.

Ọmọ Òtùn, California
Ọmọ Ìdó, wọ́n ti ti ilé yẹn pa o, láti oṣù kẹfà ọdún 2024, wọ́n ní àwọn pákó kọnkéré kan lórí òrùlé ẹ̀ ti ń bàjẹ́, ó lè wó lé èèyàn lórí. Kí ẹni tó ń lọ Toronto kọ́kọ́ wo íntánẹ́ẹ̀tì wọn kó mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é báyìí.

Màmá Ayọ̀
Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nítorí àwọn òbí tó ń kà á láìsọ̀rọ̀. Ọmọ mi ní ọ́tísíìmù, ariwo àti èrò máa ń dà á láàmú. Science Museum Lọ́ńdọ̀nù yìí máa ń ya àárọ̀ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, Early Birds ni wọ́n ń pè é, kí èrò tó wọlé ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n wọlé, wọ́n á dín ariwo kù. Ẹ ní láti fi orúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Ọmọ mi fọwọ́ kan gbogbo ohun tó fẹ́ fọwọ́ kàn, kò sẹ́ni tó wò wá lójú burúkú.

Ìyá Bọ́lá, Adó
Ọlọ́run á wo Ayọ̀ fún yín mà. Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti pinnu. Wákàtí kan ti àbúrò ọkọ mi yẹn kò sí nínú ẹ̀ mọ́, odindi ọjọ́ kan ni. Èmi àti bàbá wọn máa mú àwọn méjì àgbà wọ Wonderlab lẹ́yìn aago méjì, kí màmá mi àti àbíkẹ́yìn wà ní The Garden pẹ̀lú àbúrò ọkọ mi. Láàárọ̀ a ó lọ wo Apollo 10. Sátidé tó ń bọ̀ Ìkógòsì ló kàn. Ó ku ti oúnjẹ, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn gbé oúnjẹ wọlé?

Olóyè Ẹ̀fọ̀n
Wọ́n ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e wọlé dáadáa, ibi tí ẹ ti lè jókòó jẹ ẹ́ wà nísàlẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ wọ́n, ẹ má gbára lé e fún èèyàn mẹ́fà. Mọ́ínmọ́ín àti búrẹ́dì ni àwa gbé. Ẹ má gbé báàgì ńlá tí wọ́n fi ń wọ bàálù lọ síbẹ̀, wọn kì í gbà á wọlé.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Ẹ ṣeun gbogbo yín tẹ́ ẹ ṣàtúnṣe, èmi ò ronú kan orúnkún màmá nígbà tí mo sọ ọ̀nà yẹn. Ti owó ọkọ̀ rèé: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í san nínú bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù, nínú tíréènì abẹ́ ilẹ̀ náà kì í san tó bá wà pẹ̀lú àgbà tó sanwó, nítorí náà ọmọ 9 àti ọmọ 4 ò ní náwó kankan. Èyí tó jẹ́ ọdún 14, ẹ ra káàdì Oyster, èyí tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, fún un, kẹ́ ẹ mú un lọ bá òṣìṣẹ́ ní stéṣọ̀n pé àlejò ni yín, kí wọ́n bá yín fi ẹ̀dínwó Young Visitor sí i. Ààbọ̀ owó àgbà ni yóò máa san fún ọjọ́ 14. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé gan-an ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, ní pápákọ̀ Heathrow pàápàá wọ́n lè ṣe é fún yín kẹ́ ẹ tó wọ tíréènì.